Johnny Cash, ihò Nickajack, àti ẹni tó tún padà sídìí oògùn olóró

Ìbéèrè: "Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìbàdàn, ó sì tún ń ta á fún ẹgbẹ́ eléré jùjú kan ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti tó nǹkan bí ọdún márùn-ún tí tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní kodéènì nínú ti di bárakú fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ṣe ìsìn ìdáǹdè fún un. Ó fi oògùn náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sì tún padà. Ó ti ka ìtàn Johnny Cash, olórin ará Amẹ́ríkà, pé inú ihò àpáta ni Ọlọ́run ti gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní báyìí, ó ń sọ pé bí ti Cash bá rí bẹ́ẹ̀ tí tòun kò rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Ọlọ́run ti kọ òun nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ sì ní kó má lọ sí ilé ìwòsàn, pé ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò ní ìgbàgbọ́. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kó sì fi gìtá sílẹ̀ ni?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó wúwo jù nínú ohun tí ẹ béèrè, kí n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọlọ́run kò kọ àbúrò yín, ìtàn tó sì ń fi wọn ara rẹ̀ kì í ṣe odidi ìtàn. Wọ́n ti gé e láàárín, níbi tó dùn ún sọ ní ìpàdé ìsọjí, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ọkùnrin náà tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó kù yóò rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Cash jọ ti àbúrò yín púpọ̀, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún un ní kíkún, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Oṣù Kejì ọdún 1932 ni wọ́n bí Johnny Cash ní Kingsland, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ó sì dàgbà sí ìletò Dyess, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko òwú. Orin ìyìn ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ó jáde síwájú pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Baptist, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Lọ́dún kan náà, 1944, ayùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jack, ẹni tó ti pinnu láti di oníwàásù, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan; ikú yìí kò kúrò lọ́kàn Cash títí ó fi di arúgbó. Nígbà tó tọ ilé iṣẹ́ Sun Records lọ ní Memphis láti gba orin sílẹ̀, orin ẹ̀mí ló fẹ́ kọ, Sam Phillips tó ni ilé iṣẹ́ náà ló sọ fún un pé òun kò lè rí irú orin bẹ́ẹ̀ tà. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ará ìjọ wa gbà pé ẹni tó bá ti mọ Jésù láti kékeré kò ní bá ara rẹ̀ nídìí oògùn olóró láéláé, àti pé bó bá débẹ̀, a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n rí. Cash ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ oògùn olóró.

Nǹkan bí ọdún 1957 ni oògùn dé ọwọ́ rẹ̀, lórí ìrìn àjò. Wọ́n á ṣeré lálẹ́ ní ìlú kan, wọ́n á wa mọ́tò mọ́jú, wọ́n á tún ṣeré ní ìlú mìíràn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Olórin kan tí wọ́n jọ wà lórí ìrìn àjò fún un ní hóró amphetamine, èyí tó ń lé oorun lọ tó sì ń jẹ́ kí ojú le. Lákòókò yẹn àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kọ oògùn yìí fún àwọn awakọ̀ ọlọ́nà jíjìn àti àwọn tó fẹ́ dín ara kù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí i bí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Àmọ́ ẹni tó bá lo ohun tó ń lé oorun yóò wá ohun tí yóò fi sùn, bẹ́ẹ̀ ni Cash sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo oríṣi kejì láti fi rọ ara. Ní 1959, nígbà tí oògùn ti wọ̀ ọ́ lára, ó gbé odidi àwo orin ìyìn jáde. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí dáadáa, nítorí àbúrò yín ti rò pé òun nìkan ni òun ń fi ọwọ́ kan náà ta gìtá níwájú pẹpẹ tí òun sì tún fi ń ká hóró tramadol sẹ́nu. Ohùn tó kọ àwọn orin ìyìn yẹn kì í ṣe ohùn ẹlẹ́tàn. Ó gba ohun tó ń kọ gbọ́, oògùn sì ti dè é.

Nǹkan wá burú sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú un ní El Paso, ní Texas, nígbà tó ń ti Juárez ní Mẹ́síkò bọ̀. Inú àpótí gìtá rẹ̀ ni wọ́n ti bá hóró Dexedrine 688, tó jẹ́ irú amphetamine kan, àti hóró Equanil 475, tó ń rọ ara. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú ìwé ìròyìn káàkiri. Ní ọdún yẹn kan náà ni iná tó ti ara ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ jó igbó ìjọba ní California, ìjọba sì gbé e lọ sí kóòtù títí ó fi sanwó. Vivian, ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, tó sì bí ọmọbìnrin mẹ́rin fún un, béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ ní 1966. Ní 1967, ní ìlú Lafayette ní Georgia, wọ́n tún tì í mọ́lé. Cash fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ọ̀gá ọlọ́pàá tó dá a sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì dá hóró oògùn rẹ̀ padà fún un, ó ní Ọlọ́run ti fún un ní òmìnira láti pa ara rẹ̀ tàbí láti gba ara rẹ̀ là, kó yàn èyí tó bá wù ú.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ ihò àpáta bọ́ sí. Gẹ́gẹ́ bí Cash ṣe sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ tó jáde ní 1997, ó wọ ihò Nickajack ní Tennessee pẹ̀lú èrò pé òun kò ní jáde mọ́. Ó ń rákò lọ títí bátìrì tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi kú, ó sì dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn. Níbẹ̀ ni ó ti wá dá a lójú pé Ọlọ́run ṣì wà lọ́dọ̀ òun, àti pé ọjọ́ ikú òun kò sí lọ́wọ́ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákò láìmọ ibi tó ń lọ, atẹ́gùn fẹ́ sí i lára, ó tẹ̀ lé atẹ́gùn náà títí ó fi rí ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣẹlẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Èmi kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ fà yọ kò sí nínú ihò náà. Ó wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó délé, apá yìí ni àwọn oníwàásù sì máa ń fò.

Cash kò jáde nínú ihò kí ara rẹ̀ wá gbàgbé oògùn. Ó padà sí ilé rẹ̀ létí adágún Old Hickory ní Hendersonville, June Carter, olórin tí wọ́n jọ ń ṣeré, sì pe Dókítà Nat Winston, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Tennessee nígbà náà. Dókítà yìí ń wá sílé lójoojúmọ́. June, pẹ̀lú Maybelle ìyá rẹ̀ àti Ezra bàbá rẹ̀, kó wá sínú ilé náà, wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú Cash fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń da hóró tí wọ́n bá rí nù, wọ́n ń lé àwọn tó ń gbé oògùn wá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, wọ́n ń bá a ka Bíbélì, wọ́n sì jókòó tì í ní òru nígbà tí inú ń run ún tí àlá burúkú kò sì jẹ́ kó sùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967 ló tó lè ṣeré láìsí oògùn lójú, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Hendersonville. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1968 ló kọrin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní California, orin tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún yẹn ló gbé June níyàwó.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá tún sọ pé Ọlọ́run gba Cash sílẹ̀ nínú ihò, ẹ bi í pé ta ló ń wá sílé lójoojúmọ́ lẹ́yìn ihò náà. Dókítà ni, àti àwọn àgbàlagbà méjì tí kì í ṣe òbí tó bí i, àti obìnrin kan tó kọ̀ láti fẹ́ ẹ títí ó fi rí i pé ó ti fi oògùn sílẹ̀. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ló rán wọn. Àmọ́ àwọn ló dé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn, àpò oògùn dókítà àti ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tó kàn ni èyí tí àbúrò yín kò tíì gbọ́ rí. Ní 1971, Cash jáde síwájú pẹpẹ ní Evangel Temple, ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ní Nashville, ó sì tún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó lọ sí Ísírẹ́lì láti ya fíìmù nípa ìgbé ayé Jésù, owó ara rẹ̀ ló sì ná sí i. Ó kọrin léraléra níbi ìpàdé ìhìnrere Billy Graham, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọdún 1970 sí 1980 ti ń parí lọ, ó tún padà sídìí hóró oògùn. Ní 1981, ògòǹgò kan tó ń sìn nínú ọgbà rẹ̀ ta á nípàá, egungun ìhà rẹ̀ dá, oògùn ìrora tí wọ́n fún un sì tún di ohun tí kò lè fi sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 1983, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ péjọ yí ibùsùn rẹ̀ ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí oògùn rẹ̀ ti fi ojú òun rí, ó sì gbà láti lọ sí Betty Ford Center ní California, ilé ìtọ́jú tí Betty, ìyàwó Gerald Ford tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, dá sílẹ̀ ní 1982 lẹ́yìn tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí àti hóró oògùn. Kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni Cash wọ ilé ìtọ́jú.

Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin tí àbúrò yín ń fi ara rẹ̀ wé pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló padà sídìí oògùn, ó sì padà lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí onígbàgbọ́. Láàárín àkókò yẹn ló kọ ìwé ìtàn àròsọ nípa àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù, tó jáde ní 1986. Ó sì ka gbogbo Májẹ̀mú Tuntun sórí kásẹ́ẹ̀tì. Òun àti June wà papọ̀ títí June fi kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, òun náà sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ní gbogbo ìgbà tó ṣubú, kò gbà pé ìṣubú náà ti fòpin sí ohun tó wà láàárín òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ó ń padà lọ sílé. Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe pẹ̀lú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, èyí ni mo rí pé ìgbàgbọ́ ń ṣe ju ohun mìíràn lọ: ó ń jẹ́ kí ẹni tó ṣubú ní ibi tó lè padà sí ní ọjọ́ kejì gan-an, kí ìtìjú tó sọ ọ̀sẹ̀ kan di ọdún kan. Bí ìjọ bá wá ti ibẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè é ní apẹ̀yìndà, ohun tó lágbára jù nínú ìtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

N kò sọ pé kò sí ẹni tó ń bọ́ kíákíá. Brian Welch, ọ̀kan nínú àwọn onígìtá Korn, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2005, ó jáwọ́ nínú oògùn olóró methamphetamine, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un nínú odò Jọ́dánì ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó padà sínú ẹgbẹ́ náà ní 2013 láìpadà sídìí oògùn. Mo dúpẹ́ fún irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Welch fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ọkàn òun tó balẹ̀, àti pé ìgbà kan wà tí òun fi ìtara ẹ̀sìn ṣe àṣejù. Inú Bíbélì náà, Jésù sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn kan, ara wọn sì dá. Afọ́jú Bẹtisáídà, nínú Máàkù orí kẹjọ, Jésù gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó ń rí ènìyàn bí igi tó ń rìn. Kò sí ẹni tó bú u pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Ní ti ilé ìwòsàn, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ wé aṣọ fún yín. Ìmọ̀ràn tí àgbà ìjọ yẹn fún àbúrò yín léwu, nítorí irú oògùn tó ń lò. Amphetamine tí Cash bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ yàtọ̀ sí tramadol àti kodéènì. Àwọn méjèèjì yìí jẹ́ ìbátan mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Bí ẹni tó ti lò wọ́n fún ọdún márùn-ún bá jáwọ́ lójijì, láàárín ọjọ́ kan ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: yóò máa yán, imú àti ojú yóò máa dà, eegun yóò máa ro ó, irun ara rẹ̀ yóò máa dìde, inú yóò máa ṣu gbuuru, yóò máa bì, oorun yóò sì sá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló sábà máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ọkàn á ṣì máa fà sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tramadol tún ní ewu tirẹ̀: ó lè fa gìrì bíi ti wárápá, pàápàá bí ènìyàn bá ń lo àwọn hóró tó le ju 50 tàbí 100 mílígíráàmù tí dókítà ń kọ, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ìgboro. Bó bá tún ń da ọtí tàbí oògùn oorun pọ̀ mọ́ ọn, ẹ sọ ìyẹn fún dókítà, nítorí pé dídá àwọn yẹn dúró lójijì láìsí ìtọ́jú lè pa ènìyàn.

Oṣù mélòó kan tó fi ń fi oògùn sílẹ̀ kó tó padà sí i ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ara tó ti sinmi fún oṣù mẹ́ta kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà tó sì lo iye tó máa ń lò, oògùn náà lè dá èémí rẹ̀ dúró lójú oorun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí irú oògùn yìí pa, ẹ̀yìn tí wọ́n ti jáwọ́ ni ó pa wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá ṣe ìdáǹdè fún láìsí ìtọ́jú àti láìsí ẹni tó ń mójú tó o lẹ́yìn rẹ̀, ewu tó wà níwájú rẹ̀ lè pọ̀ ju ti ìgbà tó ń lò ó lójoojúmọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbà ìjọ yẹn gbọ́ èyí.

Dókítà lè máa dín oògùn náà kù fún un ní díẹ̀díẹ̀, ó lè fún un ní ohun tí yóò mú ìgbẹ́ gbuuru, ìrora àti àìsùn rọlẹ̀, ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbànújẹ́ ọkàn wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ní Ìbàdàn tí ẹ wà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tó ti ń gba aláìsàn láti 1954, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yábàá ní Èkó. Àjọ NDLEA náà ní àwọn agbaninímọ̀ràn. Kì í ṣe kìkì mímú ènìyàn ni iṣẹ́ wọn. Kí ẹ má sì rò pé ojú yóò tì yín níbẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, àti pé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ. Ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olókodéènì àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó sì ṣì ń dé ọwọ́ àbúrò yín. Àwọn dókítà yìí ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi Ìwé Mímọ́ bá àgbà ìjọ náà sọ̀rọ̀, ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí ogún. Hesekáyà ń ṣàìsàn tí yóò pa á, ó gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé òun yóò wò ó sàn, wòlíì Aísáyà tún ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá náà ló pàṣẹ ìtọ́jú. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín gbàdúrà lọ́nà ilé ìwòsàn, kí ó má bàa dà bíi pé ẹ ń bá a du àbúrò yín. Láàárín àwọn ìjọ pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń ṣe méjèèjì pọ̀; Ìjọ Ìràpadà, fún àpẹẹrẹ, ní ẹ̀ka kan, Christ Against Drug Abuse Ministry, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró. Ibikíbi tí ẹ bá mú un lọ, bí wọ́n bá ní àwọn yóò dè é mọ́ ẹ̀wọ̀n, tàbí àwọn yóò nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde, tàbí kó gba ààwẹ̀ láìmu omi ní ọ̀sẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń gbẹ omi ara rẹ̀, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ó ku gìtá. Kò yẹ kó fi í sílẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ ló sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló gbé wọn dúró nígbà tí ohun gbogbo yẹ̀. Òde àríyá òru ni kó dá dúró. Eléré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì ń ta gìtá títí ilẹ̀ fi mọ́ nílò agbára tí ara lásán kò ní, àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé hóró àti ìgò wá sẹ́yìn àpótí amóhùnbúgbàmù. Owó sì wà lápò rẹ̀ láàárọ̀, láìsí oorun lójú. Ohun tó mú Cash náà nìyẹn ní 1957. Bó bá ṣeé ṣe, kó fi ọdún kan sí ti ojúmọmọ nìkan: ìsìn, ìgbéyàwó ọ̀sán, kíkọ́ àwọn ọmọdé ní gìtá. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ yóò dín kù, ẹ̀yin ẹbí yóò sì ní láti bá a gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bẹ olórí akọrin pé kó má gbé e síwájú ìjọ láti jẹ́rìí kíákíá bó bá ti lo oṣù kan láìfọwọ́ kan oògùn, nítorí pé ẹni tó ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ kì í rí ẹnu sọ ọ́ nígbà tó bá tún ṣubú. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjọ, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ kò jò, tó lè pè láago kan òru láìbẹ̀rù pé yóò di ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ pín iṣẹ́ náà. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó tọ́jú Cash. Kí ẹnì kan máa tọ́jú owó rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ inú òun fúnra rẹ̀, kí ẹnì kan máa bá a lọ rí dókítà, kí ẹnì kan wà nílé ní alẹ́ Àbámẹ́ta tí yóò máa nira jù fún un. Kí gbogbo ilé sì mọ ohun kan: bí ẹ bá bá a níbi tó sùn sí, tí ẹ pè é tí ẹ jì í tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń hanrun lọ́nà àjèjì, tí ètè tàbí èékánná rẹ̀ ti ń dúdú, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, ẹ má fún un ní omi tàbí epo pupa mu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn láìfi bò pé tramadol tàbí kodéènì ló lò, àti ìwọ̀n tó lò bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.